Pákó ìtẹ̀ewé tí mo fi ń pa ewé mọ́ ní Kétu

Nígbà tí mo ní kí káfíńtà àdúgbò wa bá mi ṣe pákó ìtẹ̀ewé, ó wò mí títí, ó ní, "Màdáàmù, ṣé ẹ fẹ́ máa tẹ ìwé ni?" Mo ní rárá o, ewé ni mo wí, ewé igi. Mo gbé e délé, ìyá mi tún fi tirẹ̀ kún un: "Àbẹ̀kẹ́, kí ni ewé fi ṣe ọ́ tí o fi fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

Ìyá mi ti ń ta ewé kí wọ́n tó bí mi. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ojú ìyá mi kò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ tí à ń rán lọ já ewé sì ń já ohun tí a kò rán wọn wá. A ní kí ọ̀kan já ejìnrìn, ó fa ìtàkùn ẹ̀gúsí wá. Mo wá rò ó pé bí ojúlówó ewé bá wà nílé, tó ti gbẹ, tí òdòdó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ọmọ á gbé ti ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ, á fojú wé e.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Luca Ghini ti ń tẹ ewé gbẹ, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ní nǹkan bí ọdún 500 sẹ́yìn. Ní yunifásítì Abomey-Calavi, irú ewé gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó jọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè wa. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀ o. Inú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni tèmi wà.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wá inú ilé yín wò. Ohun tí à ń wá kò ju mẹ́rin lọ: ohun líle méjì tí yóò wà lókè àti nísàlẹ̀, páálí, bébà tó ń fa omi, àti ohun tí a ó fi dì í. Pẹpẹ onírin inú fíríìjì tó ti kú dára púpọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá rí méjì tó dọ́gba, ẹ kò nílò káfíńtà. Èmi kò rí, ni mo ṣe lọ. Mo ní kó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é: márùn-ún tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, márùn-ún mìíràn tó gùn tó 30, kó tò wọ́n ní ìdábùú ara wọn, kó kan ìṣó mọ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti pàdé. Méjì irú rẹ̀ ló ṣe. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi odidi pákó pẹlẹbẹ méjì ṣe é, kó lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi nọ́ọ̀tì gígùn fún un pọ̀. Ó lẹ́wà lójú lóòótọ́, ó sì tó fún ẹni tó kàn fẹ́ tẹ òdòdó kéékèèké sára káàdì. Ṣùgbọ́n níbí, lásìkò òjò, odidi pákó á há omi mọ́ inú ni.

Páálí ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ẹ wo etí páálí tó nípọn, ẹ ó rí ihò wínníwínní tó tò lọ bíi fèrè. Ibẹ̀ ni omi ara ewé ń gbà jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gé páálí sí ìwọ̀n pákó, ẹ jẹ́ kí ihò náà gba ìbú kọjá, kó má gba òòró. Ọ̀nà kúkúrú ni omi fẹ́ rìn. Ọdún kan gbáko ni mo fi gé e sódì kí n tó mọ̀.

Bébà tó dára jù ni ìwé ìròyìn àtijọ́. Èyí tó ń dán kò wúlò, kì í fa omi. Ìyá alákàrà ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń tà á fún mi, ó sì máa ń bínú pé mò ń kó ohun tí òun fi ń di àkàrà lọ. Bí kò bá sí, àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má lo okùn láti dì í. Bí ewé bá ti ń gbẹ ni yóò máa tín-ín-rín sí i, okùn á sì dẹ̀. Rọ́bà inú táyà tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí àwọn ọlọ́kadà wa, àwọn zémíjàn, fi ń di ẹrù sẹ́yìn, ni kí ẹ wá. Bí ewé bá ti ń sọ̀ ni rọ́bà á máa fà tẹ̀lé e. Méjì tó.

Bí a ti ń tò ó rèé: pákó, páálí, bébà méjì, bébà tí ẹ ṣẹ́ po tí ewé wà nínú rẹ̀, bébà méjì, páálí, kí ẹ tún máa tò ó bẹ́ẹ̀ lọ dókè, kí pákó kejì parí rẹ̀. Ẹ gun orí rẹ̀ kí ẹ tó fa rọ́bà le. Mi ò ṣeré.

Kí ìrì gbẹ tán kí ẹ tó já ewé. Ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso ni kí ẹ já. Ewé lásán kì í jẹ́ kí ojú mọ irú igi tó jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í gbọ́ èyí, ewé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kó wá fún mi. Bí ó bá jẹ́ ewéko kékeré bí ìmí eṣú, ẹ fà á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Bí ó bá gùn ju bébà lọ, ẹ ṣẹ́ ẹ kọ́lọkọ̀lọ kó lè gbà. Ẹ yí ewé kan, ó kéré tán, kó dojú bolẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn. Ẹ sì má lọ já ewé nínú ọgbà igi tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) o. Igbó ọba ni tẹ́lẹ̀, fún wíwò ni.

Ibi tó le wá dé. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀. Mo tẹ akòko, yúnyún àti àsùnwọ̀n tí mo já nítòsí Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, mo dì wọ́n pinpin, mo fi òkúta lé e, mo lọ sinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo tú u. Èbu funfun ti bo gbogbo rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ògì tó bàjẹ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé títẹ̀ kọ́ ló ń pa ewé mọ́, gbígbẹ ni. Títẹ̀ kàn ń jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ni.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, ẹ tú u. Ewé á ti rọ̀ nígbà yẹn, ẹ lè fi ìka tún un ṣe, kí ẹ na èyí tó ká jọ. Ẹ kó bébà tó ti fa omi kúrò, ẹ fi gbígbẹ rọ́pò, ṣùgbọ́n bébà tí ewé wà nínú rẹ̀ gan-an, ẹ má tú ewé kúrò níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ lè máa fo ọjọ́ kan. Bébà tí ẹ yọ, ẹ sá a sóòrùn, ẹ ó tún lò ó. Lásìkò ọyẹ́, ewé fẹ́lẹ́ a gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lásìkò òjò, ó lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: bí ó bá tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Àjà orí ààrò, níbi tí ìyá mi ń kó àgbàdo sí, ni mo ń gbé tèmi sí báyìí. Ooru rẹ̀ tó. Ẹ kàn má jẹ́ kí iná pọ̀ jù. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ewé á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ òdòdó á ṣá.

Àwọn ewé olómi ni ọ̀tá mi. Mo tẹ àbàmọdá, mo pààrọ̀ bébà rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹwàá, mo ṣí i, ó ti hu ọmọ ní etí yíká, ó na gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ìwé ìròyìn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. "Ṣé o kò mọ orúkọ rẹ̀ ni? Ohun tí a bá mọ dá ni." Bí ẹ bá fẹ́ tẹ òun tàbí odúndún, ẹ kọ́kọ́ rì í sínú omi híhó, kí ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ nù ún gbẹ. Ó gbọ́dọ̀ kú kó tó lè gbẹ. Ti patanmọ́ tún yàtọ̀: bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, á pa ojú dé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pa ojú dé.

Bí ẹ bá wà lóko tí kò sí ibi tí ẹ ó ti sá nǹkan, ẹ di ewé sínú ìwé ìròyìn, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ da sódábì líle, ìyẹn ògógóró tiwa, sí i títí bébà á fi rin, kí ẹ dì í kó má mí. Kò ní rà títí ẹ ó fi délé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ á dúdú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọtí náà fẹ́ lọ tán ní gbangba kí ẹ tó gbé e sún mọ́ iná. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò tíì dárí ìlò sódábì yìí jì mí.

Tí ó bá gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun tó le, kí ẹ fi òwú gán ibi tí igi rẹ̀ nípọn. Kòkòrò ń bọ̀ o. Mo máa ń wé tèmi sínú ọ̀rá, mo ń gbé e sínú fíríìsà ìyá ẹlẹ́ja fún ọ̀sẹ̀ kan, kí òtútù lè pa wọ́n. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má tú ọ̀rá náà títí òtútù rẹ̀ á fi lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á sẹ̀ sára ewé.

Ní igun ìsàlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ já a, ibi tí ẹ ti já a, orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀, gíga rẹ̀, àwọ̀ òdòdó rẹ̀, bóyá ó ń ṣoje, àti òórùn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ já a gan-an. Efínrín tí mo tẹ̀ lọ́dún tó kọjá wà níwájú mi báyìí. Mo gbé e fún ìyá mi lọ́jọ́ kan, ó gbé e sí imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ títí, ó dá a padà fún mi. "Èyí kì í ṣe efínrín." Mo ka ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí i létí. Ó ní kí n tún un kà.