Bí Mo Ṣe Yan Swíìṣì fún Mọ́tò, fún Iná àti fún Yàrá Tí Omi Ń Dé

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n yan gbogbo swíìṣì tí ilé iṣẹ́ ìlọyẹ̀fun kan yóò lò. Kí n tó wo ohunkóhun lọ́jà, mo kọ́kọ́ yẹ ojú ibi kọ̀ọ̀kan wò, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀: irú ẹrù, ìyẹn ẹ̀rọ tàbí gúlóòbù, tí swíìṣì náà yóò máa tàn, bí yóò ṣe máa tàn án léraléra tó, àti ohun tí yóò máa kàn án lára. Nọ́ńbà tí ó máa ń hàn gàgàrà lójú swíìṣì, bíi 16 A tàbí 32 A (A ni áńpíà, òṣùwọ̀n iye iná tí ń kọjá), kò tó láti fi yàn án, nítorí pé ohun tí ẹ̀rọ ìgbóná ń ṣe fún swíìṣì yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí mọ́tò ń ṣe fún un, bí iye iná tí àwọn méjèèjì ń fà tilẹ̀ dọ́gba.

Mọ́tò ni mo pẹ́ lé lórí jù. Mọ́tò 7.5 kW tí ń lo fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ní 400 V ń fa nǹkan bí 15 A nígbà tí ó bá ń yí déédéé, ṣùgbọ́n bí a bá tàn án tààrà, ó lè fa ìlọ́po 6 sí 8 iye yẹn kí ó tó gba eré. Bí ẹnu swíìṣì bá ń pàdé tí ó sì ń là lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, iná máa ń ta láàárín wọn, irin wọn á yọ́ díẹ̀díẹ̀, tí ó bá sì yá, wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra débi pé mọ́tò kò ní kú mọ́ nígbà tí a bá pa á. Nítorí èyí ni IEC 60947, ìlànà àgbáyé fún swíìṣì àti irú rẹ̀, fi pín ẹrù sí ìsọ̀rí: AC-1 wà fún ẹ̀rọ ìgbóná àti irú rẹ̀, AC-3 wà fún mọ́tò tí a ń pa lẹ́yìn tí ó ti gba eré, AC-4 sì wà fún èyí tí a ń tàn tí a ń pa lemọ́lemọ́ kí ó tó gba eré. Kọ́ńtákítọ̀ (swíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tì pa) kan náà lè gba 32 A lábẹ́ AC-1 kí ó má sì gbà ju 18 A lọ lábẹ́ AC-3. Ìlà kékeré tí a kọ èyí sí ni mo máa ń kà ṣáájú, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìpinnu wà.

Fún swíìṣì ọlọ́wọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kọ̀ọ̀kan, AC-23, ìsọ̀rí swíìṣì ọlọ́wọ́ tí ó lè tan mọ́tò kí ó sì pa á, ni mo wá, n kò sì gba èyíkéyìí tí a kò lè fi àgádágodo tì nígbà tí a bá pa á, nítorí ẹ̀mí ẹni tí ń tún mọ́tò ṣe wà lọ́wọ́ swíìṣì yẹn.

Iná LED máa ń tan ènìyàn jẹ. Ogójì gúlóòbù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 25 W kò fà ju nǹkan bí 5 A lọ ní 230 V, síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá tàn wọ́n, ẹ̀rọ kékeré inú wọn lè fa ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àkókò tí ojú kò lè rí. Mo pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ní ìbámu pẹ̀lú iye tí olùṣe swíìṣì fọwọ́ sí. Iná pàjáwìrì tí ń lo bátìrì gba swíìṣì tirẹ̀, torí pé iná AC (èyí tí ń yí ọ̀nà padà, bíi ti ilé) ti 50 Hz ń bọ́ sí òdo nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì ń ran swíìṣì lọ́wọ́ láti pa iná tó ń ta. Iná bátìrì kò ní ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Ní yàrá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tú omi sí, IP66 ni mo yàn; nọ́ńbà IP ń sọ bí àpótí ṣe ń dènà eruku àti omi tó. Ẹnìkan dábàá IP67 pé nọ́ńbà rẹ̀ ga jù, ṣùgbọ́n IP67 ń sọ pé nǹkan náà lè wà nínú omi tí ó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30; kò ṣèlérí pé ó lè kojú omi tí ń tú jáde pẹ̀lú agbára. Nọ́ńbà IP kò sì sọ ohunkóhun nípa ọṣẹ tí ó le, nítorí náà mo mú àpótí irin 316 tí kì í tètè dípẹtà, mo sì jẹ́ kí wáyà gba ìsàlẹ̀ wọlé kí omi má bàa tọ̀ ọ́ wọ inú.

Yàrá ìlọ̀ ni ó gba ìṣọ́ra jù, torí pé eruku ìyẹ̀fun tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ lè gbiná kí ó sì bú gbàmù. IP gíga nìkan kò tó níbẹ̀. Mo gbé gbogbo swíìṣì tí ó ṣeé gbé síta yàrá, èyí tí ó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ni mo rà pẹ̀lú àmì Ex (àmì ohun èlò tí a ṣe fún ibi tí ìbúgbàmù lè ṣẹlẹ̀) tí ó bá eruku mu.

Lẹ́yìn tí a to gbogbo rẹ̀ tán, mo wọn iná tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ń fà, mo fi í wé ohun tí a kọ sára rẹ̀, mo sì yí ẹ̀rọ tí ń dáàbò bo mọ́tò sí iye tí a kọ sára mọ́tò náà. Mo ní kí wọ́n fọ yàrá olómi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà a pa iná, mo sì ṣí àpótí kọ̀ọ̀kan. Inú wọn gbẹ, mo sì fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ ti parí.