PhD lókè òkun láti Èkó: iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tí kò rí àyè PhD gbà lókè òkun, kì í ṣe pé wọn ò mọ̀wé. Ìwé wọn ni kò pé lásìkò. Transcript ṣì wà ní Àkọkà, olùkọ́ tó ní òun máa kọ lẹ́tà ti rin ìrìn àjò, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n kọ̀wé sí ní ọ̀sẹ̀ tí portal ń tì kò sì fèsì. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì lẹ máa kọ́kọ́ lé. Èyí tó wà lọ́wọ́ tiyín, bíi CV àti àròkọ, ẹ lè fi òru ṣe é.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń ti portal láàárín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kìíní, fún ẹ̀kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án. Oxford àti Cambridge náà ò jìnnà sí ìgbà yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n sanwó fóun. Jámánì àti Sweden yàtọ̀: ibẹ̀, àyè PhD máa ń jáde bí ìgbà tí wọ́n ń wá òṣìṣẹ́, nígbàkigbà láàárín ọdún, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì ni ìpolówó rẹ̀ máa ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀, oṣù Kẹrin ọdún yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Transcript àti orúkọ

Oríṣi transcript méjì ló wà, ẹ má sì jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú. Ọ̀kan ni ẹ̀dà tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ lè ya kí ẹ sì gbé sórí portal. Èkejì ni èyí tí yunifásítì yín máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí yunifásítì tó ń gbà yín. Nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè, èyí àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń béèrè. Ìgbà tí wọ́n bá gbà yín tán ni wọ́n máa ń fẹ́ èkejì. Ẹ kà á dáadáa lójú ìwé wọn kí ẹ tó lọ sanwó fún ẹ̀dà mẹ́jọ sí ibi mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ WES, ilé iṣẹ́ tó ń díwọ̀n ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè: àfi bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bá dárúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, nítorí owó kékeré kọ́, wọn kì í sì í gba transcript lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì yín ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí wọn tààrà.

Bí ẹ̀dà tiyín bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ jókòó kà á láti òkè délẹ̀. Ṣé gbogbo kọ́ọ̀sì pé? Ṣé èsì kankan wà tí àyè rẹ̀ ṣófo? Ṣé ojú ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fún ni ní máàkì wà níbẹ̀? Ojú ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. UNILAG àti LASU ń ṣírò lórí 5.00, àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣírò lórí 4.00, ẹni tí kò bá rí àlàyé náà, kò ní mọ ibi tó máa fi 4.32 yín sí. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín yí i padà sí 4.00 o. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, kí ẹ sì sọ pé lórí 5.00 ni. Bí èsì kan bá sọnù, ẹ lọ fúnra yín sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ń bójú tó ìdánwò ní ẹ̀ka yín, kí ẹ mú ẹ̀rí pé ẹ jókòó ṣe ìdánwò náà dání. Fóònù nìkan kì í yanjú rẹ̀.

Orúkọ ni ìdènà kejì. Bí NIN bá ń jẹ́ orúkọ kan, tí ìwé ẹ̀rí sì ń jẹ́ òmíràn, ìdààmú yín máa bẹ̀rẹ̀ nígbà físà, lẹ́yìn tí gbogbo owó ti jáde tán. Inú NIN ni páásípọ́ọ̀tù ti ń mú orúkọ, nítorí náà NIN lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe, kẹ́ ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù ní Ìkòyí tàbí Ìkẹjà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni olójú ìwé 32 tó ń lo ọdún 5, ₦200,000 ni olójú ìwé 64 tó ń lo ọdún 10. Bí agbára bá wà, ti ọdún 10 ni kẹ́ ẹ gbà. PhD lè gbà tó ọdún 5 tàbí 6, kò sì dáa kí páásípọ́ọ̀tù kú sí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń kọ ìwé ìwádìí lọ́wọ́.

Ibi tí owó wà

Ẹ má fi owó ara yín ṣe PhD, bí kò bá jẹ́ pé ẹ ní in láti sọ nù. Àyè tó dáa máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́, a sì máa fún yín ní owó oṣù. Bí lẹ́tà bá ní “fully funded”, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé gbogbo owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ló kárí, ọdún mélòó ni, ta ló sì máa san owó ìlera?

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní BSc nìkan lè wọ PhD tààrà. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ máa ń fún un ní iṣẹ́ ìkọ́ni tàbí ti ìwádìí láti fi dí owó ilé ẹ̀kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 sí 4 ni, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ master's. UKRI, àjọ tó ń pín owó ìwádìí ìjọba ibẹ̀, san £20,780 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 2025/26, ṣùgbọ́n àwa ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ò lè ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún àyè náà lọ. Ìdí nìyẹn tí ìdíje ibẹ̀ fi gbóná. Jámánì ò gba ẹni tí kò ní master's, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni wọ́n máa ń fi ṣe, lórí ìpele owó oṣù tí wọ́n ń pè ní E13. Ọ̀pọ̀ ìgbà, 65 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n máa ń san. Ẹ wo anabin, àkójọ tí ìjọba Jámánì fi ń díwọ̀n yunifásítì àgbáyé, kẹ́ ẹ rí i bóyá H+, ìyẹn àmì pé wọ́n gbà á, ló wà níwájú orúkọ yunifásítì yín. Nílé níbí, PTDF wà fún ẹ̀kọ́ tó bá jẹ mọ́ epo rọ̀bì àti gáàsì, TETFund sì wà fún olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n dá ti òkè òkun dúró ní 2025.

Ọ̀rọ̀ físà Amẹ́ríkà ò ṣeé fojú fò. Ní oṣù Kejìlá 2025, ààrẹ ibẹ̀ fọwọ́ sí ìkéde tó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn ò ní fún ní físà akẹ́kọ̀ọ́ F àti J tuntun láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ilé iṣẹ́ aṣojú wọn ń sọ lọ́wọ́lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n lè gbé àyè náà sún di ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ má kó gbogbo ìbéèrè yín sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo.

Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Oṣù Keje sí Kẹsàn-án ló dáa jù láti kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ìlànà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ náà, torí àwọn kan, pàápàá nínú ẹ̀kọ́ nípa ara àti àìsàn ní Amẹ́ríkà, máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sínú ẹ̀ka kí ó tó yan alábòójútó. Níbẹ̀, lẹ́tà yín ò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Kánádà, ọ̀pọ̀ ìgbà, bí kò bá sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà láti bójú tó yín, kò sí àyè.

Lẹ́tà náà ò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 200 lọ. Ẹ gbà pé iṣẹ́ àṣekágbá yín dá lórí òjé àti cadmium (àwọn irin olóró) nínú ẹrẹ̀ ọ̀sà Èkó, létí Òkò Bàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́ta níbi tí wọ́n ti la pákó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbólóhùn àkọ́kọ́ máa sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ọdún tí ẹ fẹ́ wọlé. Èkejì àti ìkẹta máa dárúkọ ìwé ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kan tí ẹ kà, àti ohun tó kù tí ìwé náà ò dáhùn: bóyá odò ilẹ̀ olótùútù ló ti ṣiṣẹ́, tí ẹ sì fẹ́ mọ bí irin wọ̀nyẹn ṣe ń rìn nínú ọ̀sà tí omi iyọ̀ ń wọ̀ tó ń jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ẹ ṣe: iye ibi tí ẹ ti bu ẹrẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ẹ rí. Kẹ́ ẹ wá parí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan péré: ṣé wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún yẹn, ṣé owó sì wà? Ẹ fi CV olójú ìwé méjì mọ́ ọn. Ó tán.

Ohun tó ń ba lẹ́tà jẹ́ ni ìkíni gígùn, ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣàánú yín, àti lẹ́tà kan náà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ènìyàn ogún. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ka kan náà máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. “Dear Sir” sí obìnrin ò dáa rárá. “Dear Professor” àti orúkọ ìdílé rẹ̀ ló tọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdọ̀bálẹ̀ ni ọ̀wọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, kẹ́ ẹ ti ka iṣẹ́ wọn ni. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ sí ẹlòmíì.

Àwọn tó máa jẹ́rìí yín

Ẹni mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ibi ń béèrè. Ẹni tó darí iṣẹ́ ìwádìí yín ṣáájú ẹni tó ní orúkọ ńlá tí kò mọ̀ yín. Ẹ lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì mú ohun tó máa ran wọn lọ́wọ́ lọ: CV, transcript, kókó iṣẹ́ yín lójú ìwé kan, àti gbogbo ọjọ́ tí portal máa tì lórí bébà kan ṣoṣo. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lo í-meèlì ilé ẹ̀kọ́, nítorí àwọn kan máa ń fura sí Gmail, àwọn portal mìíràn ò sì gbà á. Bí Mọ́mì tàbí Dádì Prof bá ní kí ẹ kọ lẹ́tà náà fúnra yín kí àwọn fọwọ́ sí i, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀, kẹ́ ẹ fi àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ bá wọn ṣe rọ́pò rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tí ohùn wọn jọra máa ń hàn lójú ẹni tó ń kà á.

Ìdánwò àti ìfìwéránṣẹ́

Kẹ́ ẹ tó sanwó IELTS, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa fojú fo ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ máa ń gba lẹ́tà láti yunifásítì yín pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín. Ọdún 2 ni èsì IELTS ń lò, ti GRE, ìdánwò tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kan ń béèrè, ń lo ọdún 5. $220 ni GRE, ẹ sì lè yan ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí wọ́n máa fi èsì ránṣẹ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ mọ orúkọ wọn kẹ́ ẹ tó wọlé. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é nílé, bí iná bá lè lọ lójijì tí kò sì sí inverter.

Bí owó fọ́ọ̀mù bá wúwo, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ sì dán káàdì yín wò lórí nǹkan kékeré, torí káàdì náírà lè kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ ṣọ́ aago náà: 11:59 alẹ́ Eastern Time ní oṣù Kejìlá jẹ́ 5:59 ìdájí ọjọ́ kejì l'Ékòó, 12 ọ̀sán London sì jẹ́ aago kan tiwa. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà yín

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ti fohùn ṣọ̀kan pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún lówó ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin láti dáhùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ kan ń fẹ́ ìwé àṣẹ ATAS ṣáájú físà, ó sì lè gba ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ikọ́ ife, tí wọ́n ń pè ní TB, ilé ìwòsàn tí ìjọba wọn fọwọ́ sí nìkan lẹ ti lè ṣe é, oṣù 6 sì ni ìwé rẹ̀ ń lò. Owó ìlera jẹ́ £776 lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa san ti gbogbo ọdún. Fún físà ọdún 4, ó di £3,104, ẹ béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ máa bá yín san án. Ẹni tó ń ṣe PhD ṣì lè mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ lọ, èyí tí wọ́n ti dá dúró fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ master's láti oṣù Kìíní 2024. Bí ẹ bá sì máa fi owó inú báńkì hàn, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 láì dín, lórúkọ yín, ti ọkọ tàbí aya yín tó ń bá yín lọ, tàbí ti òbí yín pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà wọn. Owó ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá yín, bó ti wù kó pọ̀ tó, wọn ò ní kà á.