PCOS: bí ẹ ṣe máa ṣọ́ ṣúgà àti ọkàn yín

Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù àti ọmọ bíbí ni ọ̀pọ̀ ń rò bí wọ́n bá ti gbọ́ PCOS, àìsàn họ́mọ̀nù tó ń da ilé-ẹyin obìnrin láàmú. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in, ínsúlínì, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ara á wá máa pèsè rẹ̀ ní àpọ̀jù, àpọ̀jù yìí á sì máa mú kí ilé-ẹyin ṣe họ́mọ̀nù ọkùnrin sí i. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ́ wọlé. Ẹni tó tín-ín-rín pàápàá kò yọ sílẹ̀.

Àyẹ̀wò ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, ẹ má sì jẹ́ kó mọ sórí ti àárọ̀ kí ẹ tó jẹun nìkan. Ti àárọ̀ lè jẹ́ 90 mg/dL péré, kí ó sì fò kọjá 140 lẹ́yìn tí ẹ bá mu glúkóósì, ìyẹn ṣúgà tí wọ́n pò mọ́ omi. Èyí tí wọ́n ń fi glúkóósì ṣe ló ń tú àṣírí.

Ẹ jẹun bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ 3. Bí ẹ bá ń sá fún oúnjẹ afúnnilágbára, èsì lè ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, omi nìkan fún wákàtí 8 ó kéré tán. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á po gíráàmù 75 glúkóósì mọ́ omi bíi mìlílítà 300, ẹ ó sì mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú 5. Ó dùn rinrin débi pé èébì lè máa gbé yín. Ẹ rọra máa mu ún, torí bí ẹ bá bì í, àyẹ̀wò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí 2, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Bí kò bá tó 140, ó dára, ìyẹn 7.8 níbi tí wọ́n ti ń fi mmol kà á. Láti 140 dé 199, ìtọ̀ ṣúgà ti ń kanlẹ̀kùn. Bó bá pé 200, dókítà á fẹ́ tún un ṣe kó lè dá a lójú. Ẹ máa padà ṣe é láàárín ọdún 1 sí 3.

Ẹ yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọọdún: ẹ sinmi ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí apá wà ní déédéé àyà. Báńdì ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá, bó bá fún jù lórí apá ńlá, máa ń mú kí iye ga lásán.

Ìrìn kíákíá, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹ fi gbígbé nǹkan wíwúwo kún un lẹ́ẹ̀mejì, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà mu láìdúró de ínsúlínì.

Bí ẹ bá ń gbèrò oyún, ẹ ṣe ti glúkóósì ṣáájú. Bí oyún bá ti dé, ẹ béèrè fún un nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ fún ìtọ́jú aboyún, kí wọ́n sì tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28.