Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí òwò AI

Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ AI tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ṣe láti máa bá ènìyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀, ti jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 la ti ń gbọ́ ọ pé ọmọdé ti fẹ́ gba àwo lọ́wọ́ àgbà, pé ilé-iṣẹ́ tuntun yóò borí àwọn ńlá. Ìtàn náà dùn. Àwọn tó gbà á gbọ́ láìwẹ̀yìn wò ló ń jẹ gbèsè.

Ẹ má rò pé ẹni tó kọ́kọ́ mọ nǹkan ni yóò kọ́kọ́ tà á. Ọ̀dọ̀ Google ni ìwádìí Transformer, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń kọ́ èdè, ti jáde ní 2017, òun sì ni ChatGPT dúró lé. Àwọn mẹ́jọ ló kọ ọ́. Nígbà tí 2023 fi máa parí, kò ku ẹyọ kan ní Google. Nígbà tí Google wá sáré gbé Bard, ẹ̀rọ tirẹ̀ tó fi dojú kọ ChatGPT, síta ní oṣù kejì ọdún yẹn, ìdáhùn kan nípa awò ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní James Webb nínú ìpolówó rẹ̀ kò tọ̀nà, iye tí ọjà ìpín dá lé ilé-iṣẹ́ náà sì fi nǹkan bí 100 bílíọ̀nù dọ́là wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Èyí tó ń pa àwọn ọmọ wa jù nìyí: kí ènìyàn fi àtíbàbà ti ògiri ẹlòmíràn, kó máa pè é ní ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Jasper, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá oníṣòwò kọ ìpolówó, gba mílíọ̀nù 125 dọ́là lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò. Wọ́n díye lé e ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ẹ̀rọ OpenAI ló sì ń lò. Kò tó oṣù méjì tí OpenAI fi gbé ChatGPT sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń ta gaàrí fún un ló ṣí ìsọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó tún ń fi í tọrẹ! Ní oṣù keje ọdún 2023, Jasper ti ń dá òṣìṣẹ́ dúró.

Ṣé OpenAI wá ni onílẹ̀ ni? Rárá o. Ní 2019, Microsoft fún un ní bílíọ̀nù kan dọ́là, òun náà sì gbà pé orí kọ̀ǹpútà Microsoft lòun yóò ti máa ṣiṣẹ́. Amazon ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú Anthropic, ilé-iṣẹ́ AI mìíràn, láti 2023. Owó jáde ní ọwọ́ ọ̀tún, ó padà wọlé ní ọwọ́ òsì bí ìṣákọ́lẹ̀. Nvidia, tó ń ṣe ṣípù kọ̀ǹpútà, ló ń rọ ọkọ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi ń roko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Google àti Amazon náà ti ń rọ tiwọn.

Ẹ má sì gbàgbé ìṣákọ́lẹ̀ tiyín. Iye ègé tí ẹ̀rọ bá já ọ̀rọ̀ sí ni wọ́n fi ń ka owó. Ẹ kọ “ọ̀rọ̀” pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé, yóò já a wẹ́wẹ́ ju bó ṣe ń já ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tó bá fi iye Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò òwò Yorùbá, àdánù ló ń dá.

Pé owó ni gbogbo rẹ̀? Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. DeepSeek, ilé-iṣẹ́ AI láti Ṣáínà tó ní owó kékeré lòun fi kọ́ ẹ̀rọ òun, mi ọjà ìpín tìtì ní oṣù kìíní ọdún 2025. (Kì í ṣe ọmọ tálákà náà ṣá: ilé-iṣẹ́ ìdókòwò High-Flyer ló wà lẹ́yìn rẹ̀.)

Ó ku àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ tuntun ṣiṣẹ́ nítorí ìpín tí wọ́n fún wọn nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Microsoft kò ra Inflection, ilé-iṣẹ́ AI tuntun kan; Mustafa Suleyman tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ àti ọ̀pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló gbà sọ́dọ̀. Ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ wà lára ògiri, àwọn ènìyàn ti lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n pé kí ni ìpín yín yóò dà bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má gba ìdáhùn ẹnu lásán. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.