Àyẹ̀wò ilé àtijọ́ létí òkun: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Brighton

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ra ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé ìbẹ̀rù Èkó lọ síbẹ̀. Ní Èkó, ìwé ni ẹni tó fẹ́ ra ilé ń bẹ̀rù: ṣé ẹni tó ń tà á ló ni ín, ṣé àwọn ọmọ onílẹ̀ kò ti tà á fún ẹlòmíràn, ṣé C of O rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ní England, ọ̀rọ̀ ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ le, nítorí pé orúkọ ẹni tó ni ilé sábà máa ń wà lákọsílẹ̀ ní HM Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ilé, ẹnikẹ́ni ló sì lè san owó díẹ̀ láti wò ó. Ara ilé gan-an ni wàhálà wà. Òfin fi ìṣọ́ra lé ẹni tó ń rà lọ́wọ́: ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ purọ́ bí lọ́yà yín bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ó mú yín lọ́wọ́ káàkiri kí ó máa fi gbogbo ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jẹrà hàn yín.

Ìlú Brighton àti Hove, létí òkun ní gúúsù England, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ilé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kò sì jẹ́ kí irin àti ògiri sinmi. Ìlànà tí mo ń ṣàlàyé yìí jẹ́ ti England àti Wales. Ní Scotland, láti oṣù Kejìlá ọdún 2008, ẹni tó ń ta ilé ló ní láti pèsè ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Home Report, nítorí náà kí àwọn ará wa tó wà ní Aberdeen má fi ọ̀rọ̀ yìí da ara wọn láàmú.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń tan ènìyàn ni àyẹ̀wò tí báǹkì ṣe. Bí ẹ bá tọrọ owó ilé lọ́wọ́ báǹkì, báǹkì á rán ẹnì kan lọ wo iye tí ilé náà tó, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa san owó iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, báǹkì ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé lọ síbẹ̀: bí gbèsè yìí bá dojú rú, ṣé báǹkì á rí owó rẹ̀ gbà padà lórí ilé yìí? Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dé ilé náà rárá, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí bá sọ fún yín pé báǹkì ti yẹ ilé wò, pé kò sí wàhálà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá olùyẹ̀wò tiyín.

Olùyẹ̀wò náà ni surveyor tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ RICS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ilé àti ilẹ̀. Ẹ ó rí lẹ́tà MRICS tàbí FRICS lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹ sì lè wá orúkọ náà lórí ìkànnì ẹgbẹ́ náà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Oríṣi àyẹ̀wò mẹ́ta ni wọ́n ní: Level 1 ló fẹ́lẹ́ jù, Level 2 wà fún ilé tí ìkọ́lé rẹ̀ kò ṣàjèjì tí kò sì tíì gbó jù, Level 3 ló jinlẹ̀ jù. Fún ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1900 létí òkun, èmi kò rí ìdí tí ènìyàn á fi gba ohun tó kéré sí Level 3. Owó rẹ̀ lè wọ ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn, kó tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ bí ilé bá tóbi, ó sì máa ń dun ènìyàn láti san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ilé tí kò tíì di tirẹ̀. Àmọ́ ẹ fi owó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí bírikìlà máa gbà láti tún ògiri kan ṣoṣo mọ, kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n.

Ejẹ́ńtì tó ń ta ilé lè dárúkọ olùyẹ̀wò kan fún yín. Ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó ń ta ilé ló ń san owó ejẹ́ńtì. Kí ẹ tó sanwó fún olùyẹ̀wò èyíkéyìí, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ẹ bi í pé ṣé ó ti yẹ ilé bungaroosh wò rí. Bí ó bá ní kí ẹ ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bungaroosh ni orúkọ tí àwọn ará Brighton ń pe irú ògiri kan tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 18 títí dé àárín ọ̀rúndún 19. Àwọn bírikìlà ìgbà náà á fi pákó ṣe àpótí, wọ́n á da àfọ́kù bíríkì, akọ òkúta, òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn, àní ègé igi pàápàá sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi lime, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ti jó, pò ó títí á fi gan. Bó bá gan tán, wọ́n á rẹ́ ojú rẹ̀ kó dán, kí ẹni tó ń kọjá lè rò pé òkúta gbígbẹ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ńláńlá aláwọ̀ wàrà tó dojú kọ òkun, tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò wọn, irú ògiri yìí ló wà lábẹ́ ẹwà wọn. Àwọn ará ìlú a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé rọ́bà omi kan ṣoṣo, bí wọ́n bá darí rẹ̀ síbi tó yẹ, ti tó láti wó ìdajì Brighton.

Yẹ̀yẹ́ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Bí omi bá pọ̀ jù nínú ògiri yìí, lime inú rẹ̀ á rọ̀. Bó bá sì gbẹ jù, á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ohun tó mú kó pẹ́ tó báyìí ni pé lime ń gba ọ̀rinrin sára, ó sì ń tú u jáde bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Sìmẹ́ńtì ló ń pa á. Ní ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀pọ̀ onílé fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ògiri wọn tàbí kí wọ́n fi ọ̀dà tó nípọn bí ọ̀rá kùn ún, wọ́n rò pé àwọn ń dáàbò bo ilé. Sìmẹ́ńtì náà á sán díẹ̀, òjò tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lu ògiri á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Igi tó wà nínú ògiri àti orí àwọn igi tó gbé ilẹ̀ pákó dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà níbi tí ojú kò tó.

Bí ẹ bá lọ wo ilé, ẹ fi ìka kan ojú ògiri ìta ní ìsàlẹ̀, níbi tí kò ga ju orúnkún lọ, kí ẹ sì tún kan án lókè. Bí ìsàlẹ̀ bá ń dún bí ohun tó ṣófo, ìrẹ́ ti ya kúrò lára ògiri níbẹ̀. Ẹ wọlé lọ wo ọ̀gangan ibẹ̀ láti inú: bí ọ̀dà bá ń bó, tí nǹkan funfun wínníwínní sì ń hù lára ògiri, iyọ̀ ni. Iyọ̀ yìí a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ògiri náà lè tutù ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ rárá.

Iyọ̀ yìí kan náà ló ń tan àwọn tí kò mọṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rọ kékeré oníṣó méjì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ògiri láti wọn ọ̀rinrin, bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú ògiri kọjá ló ń wọ̀n. Ó sì rọrùn fún iná láti kọjá níbi tí iyọ̀ bá wà, débi pé ẹ̀rọ lè ké bí ẹni pé ògiri kún fún omi. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta kẹ́míkà tí wọ́n máa ń gún sínú ògiri láti dá ọ̀rinrin dúró a máa ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ yìí hàn yín, wọ́n á sì kọ iye owó sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Èmi kò ka àyẹ̀wò ẹni tó ń ta oògùn sí àyẹ̀wò. Nínú ògiri tó jẹ́ àdàlù òkúta àti àfọ́kù, ó ṣòro kí kẹ́míkà náà tó di ìlà kan tí kò já. Ẹ bi olùyẹ̀wò yín pé níbo ni omi ti ń wọlé. Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ páìpù tó ń gbé omi òjò sọ̀ kalẹ̀ tó ti fọ́, tàbí ilẹ̀ ìta tó ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, tàbí sìmẹ́ńtì tó yẹ kí wọ́n ṣí kúrò kí wọ́n sì fi lime dípò rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọ̀rinrin tó ń ti inú ilé wá: ẹni tó bá ń se ẹran àti ẹ̀wà fún wákàtí púpọ̀ láìṣí fèrèsé, tó sì tún ń sá aṣọ sí pálọ̀, á rí ebu lára ògiri tó dára pàápàá.

Ẹni tó bá ti gbé Lẹ́kí tàbí Àjáh rí mọ ohun tí atẹ́gùn òkun ń fi irin ṣe. Ní Brighton, Madeira Terrace, ọ̀nà ìrìn gbọọrọ tó dúró lórí àwọn òpó irin, tí wọ́n kọ́ sétí òkun ní òpin ọ̀rúndún 19, dípẹtà débi tí wọ́n fi pa á mọ́ ní ọdún 2012. Irú irin bẹ́ẹ̀ ló wà lára báńkóónì àwọn ilé àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí olùyẹ̀wò sọ ohun tó rí níbi tí irin ti wọnú ògiri, nítorí pé irin tó ń dípẹtà a máa wú, a sì máa ti òkúta tó yí i ká títí á fi là. Lórí òrùlé, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní slate lè wà láàyè fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ìṣó tó dè é mọ́lẹ̀ sì ti jẹ tán. Ní àwọn ilé tí kò gbó tó bẹ́ẹ̀, tí ògiri wọn jẹ́ ìpele méjì tí àlàfo wà láàárín rẹ̀, irin pẹlẹbẹ ló so ìpele méjèèjì pọ̀, èyí tí wọ́n lò ṣáájú ọdún 1981 kò sì ní ààbò tó bó ṣe yẹ lọ́wọ́ ìpẹtà. Àmì rẹ̀ ni ojú sísán tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ láàárín bíríkì, tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìwọ̀n àlàfo kan náà sókè. Ojú sísán mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ léwu: èyí tí kò fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹwà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, onímọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé ni kí ẹ pè.

Omi tún ń ti ìsàlẹ̀ wá. Orí òkúta ẹfun ni ìlú náà jókòó lé. Bí òjò bá pọ̀ ní ìgbà òtútù, omi inú òkúta náà á ru sókè, bí ó ṣe ru tó sì kún inú ilé ní Patcham, àdúgbò kan ní Brighton, ní ọdún 2000, láìsí odò kankan nítòsí. Ìkànnì ìjọba fún ewu omíyalé wà lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ wo ti omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ti òkun nìkan. Bí ilé náà bá ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, tàbí ihò tí wọ́n ń kó èédú sí lábẹ́ ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà rìn níwájú rẹ̀, ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kejì, ẹ má ṣe wò ó ní oṣù Keje nìkan.

Àwọn nǹkan kan wà tí olùyẹ̀wò kì í dán wò. Kì í ká kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti tẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin, kì í ṣí ilẹ̀ pákó tí wọ́n ti kàn mọ́lẹ̀, kì í sì í yẹ wáyà iná, gáàsì tàbí páìpù ìdọ̀tí wò kọjá ohun tí ojú rí. Ẹ pe oníṣẹ́ iná láti ṣe EICR, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò wáyà iná, ẹni tó wà nínú ìwé Gas Safe, ìwé orúkọ àwọn tó láṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì, fún bọ́ílà, àti ẹni tó máa fi kámẹ́rà wo inú páìpù ìdọ̀tí. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1970 lè ní páìpù òjé. Asbestos, ohun ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, sì lè wà nínú ohunkóhun tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1999 tí wọ́n fi òfin dè é.

Bó bá jẹ́ fúláàtì nínú ilé ńlá tí wọ́n pín lẹ ń rà, òrùlé àti ògiri ìta kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yin tó ní fúláàtì, ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ máa san owó wọn. Bí iṣẹ́ ńlá kan bá máa mú ju 250 pọ́n-ùn lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ní fúláàtì, òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí gbogbo wọn, ìwé tí wọ́n ń pè ní Section 20. Kí lọ́yà yín béèrè bóyá irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti jáde, kí ó sì gba àkọsílẹ̀ ìnáwó ọdún mẹ́ta. Irin tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tò sára ilé alájà márùn-ún kí wọ́n tó lè kùn ún nìkan lè gbé owó tó ń dẹ́rù bani. Bí ilé bá sì jẹ́ èyí tí ìjọba kọ sínú ìwé pé ó jẹ́ ohun ìtàn, ẹ jẹ́ kí olùyẹ̀wò kọ gbogbo fèrèsé tí wọ́n ti pààrọ̀ àti ògiri tí wọ́n ti wó nínú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe láìgba àṣẹ, ẹ̀yin tí ẹ ra ilé ni ìgbìmọ̀ ìlú lè ní kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà.

Nígbà tí ìwé àyẹ̀wò bá dé, ẹ ó rí nọ́ńbà 1, 2 àti 3 pẹ̀lú àwọ̀ ewé, olómi ọsàn àti pupa, tó ń sọ bí apá kọ̀ọ̀kan ilé ṣe rí. Pupa máa ń já ènìyàn láyà, ilé àtijọ́ kò sì ní ṣaláìní in. Èmi a kọ́kọ́ ka ibi tí wọ́n kọ NI sí, ìyẹn ibi tí olùyẹ̀wò kò lè dé: àjà tí wọ́n tì pa, yàrá tí ẹrù kún. Ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ bi í léèrè ohun tó máa ṣe bó bá jẹ́ òun ló ń ra ilé náà. Ọ̀pọ̀ wọn a máa sọ lẹ́nu ohun tí wọn kò kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ gba iye owó iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn bírikìlà tó mọ lime, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà. Iye tí ẹ ti dá kò tíì de ẹnikẹ́ni títí di ìgbà tí àwọn lọ́yà bá pààrọ̀ ìwé àdéhùn, nígbà tí ẹ sábà máa san ìdá mẹ́wàá owó ilé sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ lè ní kí ó dín owó kù, ẹ sì lè yọwọ́. Òun náà sì lè yọwọ́ kí ó tà á fún ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ pàṣípààrọ̀ yẹn ni ewu ilé ti sábà máa ń wà lọ́rùn yín, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́, nítorí náà ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á béèrè ohun tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Ẹ má kọ bíríkì nítorí pé ó yá lẹ́nu. Ẹ kọ ohun tí olùyẹ̀wò kọ, nítorí pé ìdáhùn tí kò tọ̀nà lè mú kí wọ́n kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ̀ yín nítorí bungaroosh, bùrókà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú náà mọ àwọn tó ń gbà á. Ní ti omíyalé, ètò Flood Re, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, ń ran àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 2009 lọ́wọ́ láti rí ìnṣọ́ránsì ní iye tí apá ká.