Bí a ṣe ń yẹ kọ́ìlì iná ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wò, àti bí a ṣe ń tún un wé

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi bá kọ̀ tí kò jí, tí pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ kò sì ta iná, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé mọ́ irin, tó wà lábẹ́ fíláwíìlì (àgbá irin tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì) ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ó lè jẹ́ òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú wáyà rẹ̀ ká láì tíì wọ̀n ọ́n ti ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo àpótí CDI, ìyẹn àpótí tó ń kó iná jọ tó sì ń tú u sílẹ̀ kí pọ́lọ́ọ̀gì lè ta iná, ni mò ń sọ, irú èyí tó wà lára àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀sà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́.

Oríṣi kọ́ìlì méjì ló sábà máa ń wà lórí stator, ìyẹn apá tí kò yí lábẹ́ fíláwíìlì. Èyí tó ń fún bátìrì àti gílóòbù ní iná ní wáyà tó nípọn, ìdènà rẹ̀ (bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, tí a ń fi ohm wọ̀n) kì í sì í sábà tó 1 ohm. Èyí tó ń bọ́ àpótí CDI, tí mo pè ní kọ́ìlì iná, ní wáyà tín-ín-rín bí irun orí, tí ìdènà rẹ̀ máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohm. Iná tó ń jáde lára rẹ̀ lè ju 200 fọ́ltì lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fọwọ́ kan án nígbà tí ẹnìkan bá ń fa okùn tí a fi ń jí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kí ó kan irin ara ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò rẹ̀ nítorí epo, kí ẹ wá yọ wáyà tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì, tí í ṣe funfun lára Yamaha, kúrò lára àpótí CDI. Bí iná bá padà nígbà tí ẹ fa okùn, bọ́tìnnì ìpa-ẹ́ńjìnnì ló bà jẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Bí kò bá padà, ẹ fi mítà tí a fi ń wọn ohm wọn etí méjèèjì kọ́ìlì iná. Bí mítà bá kọ OL, wáyà ti já. Bí nọ́ńbà bá kéré gan-an sí ti ìwé ẹ́ńjìnnì, àwọn ìpele wáyà ti ń kan ara wọn. Ẹ rántí pé 20 °C ni ìwé sábà máa ń lò, nítorí náà kọ́ìlì 300 ohm lè kà tó 314 nínú ooru 32 °C láìní àbùkù kankan. Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ jù ni kọ́ìlì tó ń ṣiṣẹ́ ní tútù, tó sì ń kú bí ó bá gbóná. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ni mo máa ń fi mú un gbóná nígbà tí mítà ṣì wà lára rẹ̀.

Irin ìfà-fíláwíìlì ni kí ẹ fi yọ fíláwíìlì, kì í ṣe òòlù, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè sán. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ yẹ ibi tí wáyà tín-ín-rín ti pàdé wáyà ìjáde wò dáadáa: ibẹ̀ ni omi iyọ̀ ti máa ń jẹ ẹ́ tí yóò fi di aláwọ̀ ewé, lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ tí a yọ́ sí i sì lè parí iṣẹ́ náà.

Bí ó bá di dandan kí a tún un wé, ẹ fi máákà sàmì sí ọ̀nà tí wáyà gbà yí, kí ẹ sì ka iye ìgbà tó yí bí ẹ ṣe ń tú u. Bí kọ́ìlì méjì bá tò tẹ̀lé ara wọn, tí ẹ sì wé ọ̀kan sódì, iná wọn yóò pa ara wọn. Ẹ má ṣe gba wáyà tí ọlọ́jà sọ pé ó “jọ ọ́”. Wáyà 0.12 mm ń fúnni ní nǹkan bí 1.5 ohm lórí gígùn mítà kan, èyí tó túmọ̀ sí pé kọ́ìlì 300 ohm gba nǹkan bí 200 mítà. Bí ẹ bá fi 0.10 mm wé iye kan náà, yóò fò lọ sí nǹkan bí 430 ohm.

Ẹ fi ìwé ìdènà-iná bo gbogbo igun irin kó má bàa gé wáyà, kí ẹ máa wé e pẹ̀lú ọwọ́ tí kò le jù. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú fáníṣì kọ́ìlì títí kò fi ní yọ ìfófòó afẹ́fẹ́ mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dénú, nítorí kọ́ìlì tí kò mu fáníṣì tán ni gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì yóò já. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá a padà, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n ní gbígbóná lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan àkọ́kọ́. Bí nọ́ńbà bá pé síbẹ̀ tí iná kò wá, ẹ lọ wo kọ́ìlì kékeré tó ń pàṣẹ fún CDI.