Bí A Ṣe Fi Owó Alájẹṣẹ́kù Gbé Tẹlifóònù Dé Abúlé Wa

Ní ọdún 2004, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí GSM wọ Nàìjíríà, obìnrin tí ó bá ń ṣe láfún ní abúlé tí mo ti ń ṣe olùkọ́ lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ṣì ní láti gun ọ̀kadà lọ sí ìlú kí ó tó lè mọ iye tí àpò kan ń lọ ní ọjà Bódìjà. Owó ọ̀kadà yìí ń jẹ èrè wọn, kò sì sí èyí tí ó lè dá ra tẹlifóònù nínú wọn.

Mo ti kà nípa ohun tí oníṣòwò kan, Iqbal Quadir, àti báǹkì Grameen ti Muhammad Yunus, tí ń yá àwọn tálákà lówó, bẹ̀rẹ̀ ní Bangladesh ní ọdún 1997. Obìnrin abúlé a yáwó, a fi ra tẹlifóònù alágbèéká kan ṣoṣo, a sì máa gba owó lọ́wọ́ ará àdúgbò tí ó bá fẹ́ fi pe ènìyàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin wa jókòó láti yan ẹni tí wọn yóò yá lówó, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe wo ẹni tí ó rí jájẹ jù, bí kò ṣe ẹni tí tọkùnrin tobìnrin lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Opó kan tí ń ta ẹ̀kọ ni wọ́n yàn, àwọn mẹ́rin sì ṣe onídùúró rẹ̀.

Ó bi mí pé, “Tíṣà, bí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́ kí n tó san owó tán ńkọ́?”

Ìbéèrè yìí jinlẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé sísan owó yóò dúró títí a ó fi tún ẹ̀rọ ṣe.

Owó kọ́ ni ó le jù. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbé tẹlifóònù káàkiri, orí àpáta tí wọ́n ń sá láfún sí nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti yọjú. Àwọn ọmọ iléèwé mi bá mi gé ọparun gígùn kan, a so áńtẹ́nà mọ́ orí rẹ̀, a sì fa wáyà rẹ̀ wọ ilé ìyá náà, nítorí pé ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ ni a fi ń fún ẹ̀rọ níná, a sì ń gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ ọjà láti lọ ṣájì rẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ó jẹ́ tèmi. Mo ní kí ó máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Bangladesh, mo gbàgbé pé owó kì í sí lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà òjò. Àwọn tí ń pè dínkù, ìyá náà sì lọ yá owó níbòmíràn kí ó má baà dójú ti àwọn onídùúró rẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́. A wá yí i padà: díẹ̀ nígbà òjò, púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí láfún ń gbẹ tí ó sì ń tà.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ni yóò mú èrè wá jù. Wọn a pè, ìyá a rán ọmọdé lọ pe òbí wọn láti oko, a sì gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ òbí náà. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ìròyìn òkú tàbí ti aboyún tí ń rọbí.

Ní oṣù kẹrìnlá ó san èyí tí ó kù. Ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ó dìde ṣe onídùúró fún obìnrin kejì, ẹni tí ń gbé ní apá odò.